Gílóòbù Torunn Kò Tàn Mọ́

Kvalvær,
ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní, 2023

Torunn, ọmọ mi,

Ṣé o dé Utrecht láyọ̀? Ṣé ara le? Òtútù ibí ti mú débi pé ọ̀dà dì sínú agolo, àmọ́ èmi bàbá rẹ ò dì. Mo jẹ ẹja bíbọ̀ ńlá méjì láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀dùnkún, mo sì fi kọfí lé e. Ilé dákẹ́ lẹ́yìn tí o lọ. Mo sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní tún un sọ.

Àpótí kékeré tí o gbé kalẹ̀ sínú ìsọ̀ mi nígbà Kérésìmesì ń ṣiṣẹ́. Lánàá, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ló jókòó sílé wọn káàkiri ayé tí wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń kan ọkọ̀. Ọ̀ọ́dúnrún! Èmi tí mo lo ọdún mẹ́rin péré nílé ìwé, tí olùkọ́ sọ fún bàbá mi pé kó yáa mú mi lọ sódò. Ọkùnrin kan láti Brazil kọ̀wé sí mi pé irú ìwọ̀n wo ni mo ń lò. Mo ní ojú mi ni. Ọkọ̀ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni mo ti fi ojú yìí kàn, kò sí èyí tó rì nínú wọn, àfi ti Anskar, ọtí ló sì rì í.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó lára àpótí rẹ. Aago ojú rẹ̀ ń bá ti ìjọba lọ. O mọ̀ pé kò sí aago nílé yìí tí kì í fi ogún ìṣẹ́jú yá. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn, òun sì ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi agbérò aago mẹ́sàn-án fi mí sílẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Bí aago mi bá ti lu mẹ́sàn-án, mo jáde. Mo ti wà ní èbúté nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń wá ìbọ̀sẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ kẹfà, nígbà tí mo pa kámẹ́rà tán, mo ti aago àpótí náà síwájú. Olóríkunkun ni! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tì í, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló padà sẹ́yìn. Mo wá ibi tó ti ń gba àṣẹ lẹ́nu ẹlòmíì kàn, mo pa ibẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gbọ́ràn bí ọmọ ilé.

Àdéhùn wa dúró o. Láràárọ̀ tí mo bá tan kámẹ́rà, gílóòbù pupa á tàn nílé ìdáná rẹ, wàá mọ̀ pé mo jí, o ò sì ní dárúkọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó létí mi mọ́. Mo ń mú tèmi ṣẹ. Aago mẹ́fà kì í kọjá lórí mi.

Má pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rọ ìlagi ti jẹ etí mi tán, o mọ̀. Lẹ́tà ni kí o kọ.

Èmi bàbá rẹ,
Ingvald Storli, akànkọ̀

*

Utrecht,
ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àdáwà. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti sáré kà á, inú mi dùn pé ẹ ń jẹun dáadáa.

Bàbá, gílóòbù ò tàn. Láti ọjọ́ keje ni kò ti tàn mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ sùn jù ni (ẹ má bínú), mo wá ṣí ojú ìkànnì, mo bá yín níbẹ̀, àáké lọ́wọ́, ẹ ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ ò sùn jù rí.

Ojú yín nìkan ló wà lọ́hùn-ún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti tan kámẹ́rà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwòrán yín sáyé á rán ìròyìn sí àpótí náà, pé: "Ingvald ti bẹ̀rẹ̀." Ìròyìn náà ní èdìdì lára. Àpótí á yẹ̀ ẹ́ wò, kó má lọ jẹ́ pé ayédèrú ló ń kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dá ilé-iṣẹ́ náà lóhùn pé "Mo gbọ́," á sì tan gílóòbù mi níbí. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á tún un rán. Bí kò bá dáhùn títí, wọ́n á yọ orúkọ wa nínú ìwé wọn, a ò sì ní gbúròó wọn mọ́.

Ẹ má ṣèyọnu. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun níbí gan-an nìyí. Bí ìròyìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń sọnù lójú ọ̀nà, èmi ni wọ́n ń pè. Ti bàbá tèmi ò ní gbà mí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta: ṣé iná aláwọ̀ ewé tó wà lára àpótí ń tàn? Ṣé wáyà rẹ̀ wọlé dáadáa? Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án?

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Mo rí ọwọ́ yín lójú ìkànnì, ó ti là yẹ́bẹyẹ̀bẹ.

Ọmọ yín,
Torunn

*

Kvalvær,
ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní

Torunn,

Mo kí ọ o. Iná ewé ń tàn. Wáyà wọlé. Ní ti pé bóyá ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án bí kò ṣe èmi, ohun tí èmi bá sì fọwọ́ kàn, dídára ló máa ń dára sí i. Mo tún fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ gbọn eruku pákó kúrò lára rẹ̀. Ìbéèrè rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdáhùn wọn rèé. Ó kù sọ́wọ́ ìwọ ọlọ́pọlọ.

Kí ni mo wá ṣe fún ọ? Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti tan kámẹ́rà, kí n tó gbé àáké ni mo máa ń rí i tí o kọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ọjọ́ méjì péré lo ṣe é, o pa á tì. Ará Brazil ló ń kọ́kọ́ kí mi báyìí. Mo rò pé gílóòbù ò tàn ni o sọ, o ò sọ pé ọwọ́ rẹ kán.

Gudlaug tó ni ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lọ ra búrẹ́dì, ó ní, "Ingvald, ọmọ ẹ dà? Àbí ó ti gbàgbé ẹ ni?"

Mo ní, "Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ló ń kí mi láràárọ̀."

Ó ní, "Ọ̀ọ́dúnrún náà ò ní gbé pósí ẹ."

Mo ní kó gbé búrẹ́dì mi wá.

Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ni yóò pé àádọ́rùn-ún. Alájẹ̀ mẹ́rin ni, pákó rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí etí ehoro. Magnhild ni n ó kọ sí i lára, orúkọ ìyá rẹ. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún, ìwọ tí kì í kí ènìyàn.

Fi bísíkíìtì pẹlẹbẹ olómi ṣúgà yẹn ránṣẹ́. Méjì ló kù.

Bàbá rẹ

*

Utrecht,
ọjọ́ kejìlá oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bísíkíìtì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìdí tí mi ò fi kí yín nìyí: gílóòbù ló máa ń jí mi. Bí kò bá tàn, mi ò mọ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo bá sì fi dé ibi iṣẹ́ tí mo ráyè ṣí ìkànnì, ọ̀sán ti pọ́n. Ẹ má fi wé ará Brazil. Òun ò níṣẹ́ méjì.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní ìròyìn àwọn ń dé ẹnu ọ̀nà láràárọ̀, àpótí wa ló ń lé e padà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣe èdìdì ló yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ àpótí. Mo jókòó sí Utrecht níbí, mo wọnú àpótí náà láti orí kọ̀ǹpútà mi, mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí náà, mo sì ní kí wọ́n tún orúkọ wa kọ. Wọ́n rán ìbéèrè ìdánwò wá, láti mọ̀ bóyá àwa la nilé. Àpótí dáhùn geerege! Mo jó nílé ìdáná. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tan kámẹ́rà, ìròyìn dé, àpótí tún lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti yọ orúkọ wa báyìí. Èmi fúnra mi ni mo sì kọ ètò tó wà nínú àpótí náà, lọ́jọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la, mo ń fi ọwọ́ kejì ro ìrẹsì oníwàrà yín lórí iná. "Mo kọ̀" nìkan ni mo kọ́ ọ pé kó máa sọ. Mi ò kọ́ ọ pé kó máa sọ ìdí.

Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí parí síbẹ̀. Kò lè parí síbẹ̀. Gudlaug pè mí.

Ẹ ṣubú, Bàbá. Lọ́jọ́ kẹta oṣù yìí, kí ẹ tó tan kámẹ́rà. Wákàtí méjì lẹ fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, nínú òtútù yẹn, títí Gudlaug fi gbé ẹja wá. Ẹ kọ̀wé béèrè bísíkíìtì, ẹ ò kọ̀wé sọ ìyẹn.

Ká ní gílóòbù ń ṣiṣẹ́ ni, bí kò ṣe tàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ì bá ti ta mí lólobó. Àmọ́ gílóòbù tí kì í tàn lójoojúmọ́, kí ló lè sọ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣubú? Àdéhùn wa nìyẹn, ó sì ti bàjẹ́.

Yàrá kan ṣí sílẹ̀ nílé ìtọ́jú tó wà ní Brønnøysund. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sókun. Wọ́n á dì í mú fún yín di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta. Ọkọ̀ agbérò aago mẹ́sàn-án ni kí ẹ wọ̀. Bí ẹ ò bá yọjú di ọ̀sán, wọ́n á fún ẹni tó tẹ̀ lé yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ.

Torunn

*

Kvalvær,
ogúnjọ́ oṣù kejì

Torunn, ọmọ Magnhild,

Mo kí ọ, torí ìyá rẹ kọ́ wa ní ìkíni.

Mi ò ṣubú. Mo jókòó sílẹ̀ ni, kí n lè wo igi ìdí ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Mo rí i pé igi náà tọ́ bí ọfà. Ó wá kù kí n dìde, mo sì ń múra àtidìde ni Gudlaug dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹyẹ àkẹ̀.

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní, "Gudlaug, ta ló rán ọ níṣẹ́ sí Utrecht?"

Ó ní, "Ètè ẹ tó ti dúdú bí ọ̀dà ló rán mi."

Mo ní, "Ètè mi ò gba ìránṣẹ́."

Ó ní, "Kó gba agbálẹ̀ nígbà náà, torí mo tún gbá ìsọ̀ ẹ kí n tó lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe túká. Kò ta búrẹ́dì fún mi fún ọjọ́ méjì.

Wàyí o, gbọ́. O ní iṣẹ́ rẹ ni láti wá ìròyìn tó sọnù fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ti bàbá rẹ nìkan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ kan tí o dá ti di márùn-ún. Bí n bá kan ọkọ̀ tó jò, mi ò ní sọ fún olówó rẹ̀ pé kó lọ máa gbé orí òkè. Àmọ́ ìwọ, àpótí rẹ lé ìròyìn, ẹjọ́ bá di tèmi, èmi ni kí n kó kúrò nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́.

Fèrèsé kọjú sókun! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń rí òkun. Ta ni yóò parí Magnhild? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn gbé àáké wọ yàrá níbẹ̀? Mo bi Jostein tó ń so okùn ọkọ̀ agbérò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní àáké kẹ̀, ọ̀bẹ ìjẹun wọn gan-an ò mú.

Síbẹ̀ n ó lọ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ingvald Storli sá. Má dààmú pé bóyá mo lè pẹ́. Ọkọ̀ agbérò ò fi mí sílẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, kò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ nínú lẹ́tà oṣù kìíní. Bí ó bá jẹ́ ibi tí mo kórìíra gan-an ni mo ń lọ, n ó débẹ̀ ṣáájú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá rẹ

*

Utrecht,
ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú sùúrù. Mo dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí.

Inú bí mi nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Mo kó gbogbo lẹ́tà yín jáde kí n lè ka iye ìgbà tí ẹ ti purọ́ fún mi nípa ìlera yín. Mo bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní. Mo dé ibi ọkọ̀ agbérò, ibi tí mo máa ń fò láti kékeré torí mo ti gbọ́ ọ nígbà ẹgbẹ̀rún. Lọ́tẹ̀ yìí mo kà á tán. Mo tún un kà. Mo gbé orí lé tábìlì.

Bàbá, aago ni.

Ara ìròyìn kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ náà ń rán ni wọ́n ń kọ àkókò tó kúrò lọ́dọ̀ wọn sí. Èmi ni mo kọ́ àpótí pé ìròyìn tó bá ti pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kó lé e, torí olè lè ṣa ìròyìn àtijọ́ nílẹ̀ kó fi tan ni jẹ. Aago mẹ́fà ni ìròyìn yín ń dé. Àpótí á wo aago ojú rẹ̀, á rí mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, á ní, "Èyí ti gbó," á lé e. Ìbéèrè ìdánwò ló dáhùn geerege, torí mi ò sọ fún un pé kó yẹ aago wò lára ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń yẹ èdìdì wò. Aago náà wà lójú mi ní gbogbo ìgbà tí mo wọnú àpótí yẹn. Mi ò wò ó.

Ẹ ti sọ fún mi láti ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìyangàn, mo sì ti pinnu pé kò sí nǹkan gidi nínú ìyangàn yín.

Mo lè ti aago náà padà láti ibí báyìí. Mo ti nawọ́ sí i, mo sì fà á padà. Inú ìsọ̀ yín ló wà. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é, bí ẹ bá fẹ́. Bí ẹ bá ti ṣí ibi tó ti ń gba àṣẹ yẹn, á tún ara rẹ̀ ṣe. Mo ti ní kí wọ́n tún orúkọ wa kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ lọ́jọ́ Ẹtì o. Ẹ ṣubú, kì í ṣe aago ló ṣubú. Ẹ kàn wo yàrá náà, mi ò ní kẹ́ ẹ gbé ibẹ̀. Wọn ò ní dì í mú kọjá ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Ọmọ yín tí kì í kàwé tán,
Torunn

*

Kvalvær,
ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta

Torunn, ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Má kà á nínú ọkọ̀ ojú irin.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́rú. Mo fi ọjọ́ kan gbáko rò ó. Láti ìgbà bàbá mi, aago ìjọba ò wọlé yìí rí. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo ṣí ibi tó ti ń gba àṣẹ náà sílẹ̀. Kíá ló sáré padà sẹ́yìn, bí ẹni pé mo ti ń jẹ ẹ́ níyà láti oṣù kìíní.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà, mo tan kámẹ́rà. Mi ò tíì fọwọ́ kan àáké. Mo rí i níbẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ìwọ lo ṣáájú. Ará Brazil ṣe ìkejì, ó sì bèèrè pé ta nìyẹn.

Mo ní kí n fi pákó kan sí i kí n tó lọ wo yàrá rẹ. Irínwó ènìyàn ló ń wò. Aṣọ ìjọ́sìn mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ti kun bàtà. Láti oṣù kìíní, aago ojú àpótí ni mo ń wò nínú ìsọ̀. Nígbà tó lu mẹ́sàn-án, mo kí irínwó ènìyàn pé ó dìgbà, mo wọ aṣọ, mo jáde bí mo ṣe ń jáde láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Ọkọ̀ agbérò ti kọjá àpáta.

Gbọ́ èyí tó burú jù. Nígbà tí Jostein ò rí mi, ó dá ọkọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ohun tí kò ṣe fún bíṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí mi ò yọ, ó ṣí fìlà, ó pe Gudlaug lórí fóònù: "Ingvald ò wá sí èbúté. Ẹ lọ gbé òkú ẹ̀." Mo ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí òkè, Gudlaug ń sáré gòkè bọ̀, ó ti wé ìborí dúdú. A pàdé ní ìdajì ọ̀nà. Ó fi igbe bọnu, ó jókòó sínú yìnyín.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Ìwọ lo dé! O mà ti kú!"

Mo ní, "Mo pẹ́ ni."

Ó ní, "Ìwọ? Irọ́ ni. Ó sàn kó o ti kú."

Mo fà á dìde. Ó ta búrẹ́dì fún mi. Kò gbowó, ó ní òun ti kà á mọ́ owó ìsìnkú mi.

Lọ́sàn-án ni wọ́n fi yàrá náà fún ẹlòmíì, Gudlaug ló pè wọ́n tó gbọ́. Mo mọ ohun tí o ń rò. O ń rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọmọ mi, bí ó bá ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, ṣé n ó jẹ́ kí gbogbo erékùṣù yìí rí ẹ̀yìn ọkọ̀ agbérò pẹ̀lú mi? Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Ìwọ lo ní kí n ti aago náà padà.

Àti pé mo ṣubú. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kejì. Igi ìdí ọkọ̀ náà tọ́ bí ọfà lóòótọ́, àmọ́ wákàtí méjì pọ̀ láti fi wò ó. Bí mo bá tún ṣubú, mo fẹ́ kí o mọ̀. Nítorí náà àpótí á máa bá aago ìjọba lọ. Mo ti kan aago tèmi mọ́ ògiri lókè rẹ̀, ó fi ogún ìṣẹ́jú yá. Jostein sì ti sọ ọ́ sí mi létí pé bí mo bá tún pẹ́, pósí lòun ó gbé wá tààrà.

Oṣù kẹfà ni Magnhild máa wọ omi. Ìwọ ni kí o fi àjẹ̀ àkọ́kọ́ tì í. Ọkọ̀ agbérò tó ń bọ̀ láti Brønnøysund, aago mẹ́sàn-án láàárọ̀ lòun náà ń gbéra. Má jẹ́ kó fi ọ́ sílẹ̀ o. Mo ti mọ bó ṣe ń rí.

Bàbá rẹ,
Ingvald